Bí Mo Ṣe Wọn Kaṣimírì àti Ẹsiperántò

Èmi Àwẹ̀ró Ládépò ni mo fọwọ́ sí ìwé tó ní kí àwọn ẹ̀rọ Àgọ́ Yìnyín má gbọ́ èdè Kaṣimírì mọ́, mo sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí mo ti mọ̀ pé òṣùwọ̀n mi kò gbọ́ ohun tó yẹ kó gbọ́.

Mo fi í síwájú kí ẹni tó ń kà á má bàa rò pé mo fẹ́ dá ara mi láre. Mi ò lọ sílé ìwé. Àwọn tó lọ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀ títí yóò fi dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Oṣù Agẹmọ ni mo dé àgọ́ náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lábẹ́ Òkè Ebedi ní Ìṣẹ́yìn. Òjò ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi, Etí, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn èdè, wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà. Kò tóbi ju àgbọn lọ, ó dúdú, ó ń dán, ìda pupa tí Ilé Òṣùwọ̀n Ohùn fi dì í sì wà ní ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá tú ìda yẹn kí ọjọ́ tó pé, ẹ̀wọ̀n ni.

Ogún ènìyàn ló tò síwájú ẹ̀rọ omi lẹ́nu ọ̀nà àgọ́. Ẹ̀rọ náà ń fi Yorùbá bèèrè orúkọ àti iye garawa lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin gíga kan tó wọ bàtà òjò dúró tì í, ó ń bá wọn dáhùn. Wọn á sọ iye garawa wọn fún un ní èdè tiwọn, òun á sọ ọ́ fún ẹ̀rọ ní Yorùbá, omi á sì dà. Ohùn rẹ̀ ti há. Mo rò pé láti ìdájí ló ti wà níbẹ̀.

Ó rí apẹ̀rẹ̀ mi, ó sì mọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ìwọ ni Ìyá Òṣùwọ̀n," ó ní.

Ó tó ọdún mélòó kan tí ẹni tí mo lè bí ti pè mí ní ìwọ kẹ́yìn. Obìnrin kan lórí ìlà fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ní kí n má bínú, ó ní nínú èdè tí àwọn ń sọ, "vi" ni wọ́n ń pe ọba, "vi" náà ni wọ́n ń pe ọmọ ọwọ́, ó sì ti mọ́ òun lẹ́nu. Mo dá a lóhùn ní Ẹsiperántò pé mo mọ̀, pé kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo ìlà náà yíjú sí mi. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Fólì. Ọmọ Àného ni, ní etíkun Tógò, níbi tí òkun ti gba ilé bàbá rẹ̀, tó sì gba itẹ́ òkú tí wọ́n sin bàbá náà sí. Iṣẹ́ páìpù ló ń ṣe. Òun ni àwọn Oníràwọ̀ ń fi ṣe agbẹnusọ. Oníràwọ̀ ni àwọn ará Ìṣẹ́yìn ń pè wọ́n, nítorí ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n kùn sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Láti orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ni wọ́n ti wá, kò sì sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnìkejì rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti kọ́ Ẹsiperántò, láti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n láàárín wọn. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, wọ́n ti ń fi í bá ara wọn jà.

Ní apá òkè àgọ́ náà ni àwọn ará Kaṣimírì ń gbé. Àwọn ló kọ́kọ́ débẹ̀, tí wọ́n fi ń pè é ní Àgọ́ Yìnyín, nítorí òkè yìnyín tó ń bọ́ odò ìlú wọn ló yọ́ tán. Ahunṣọ ni wọ́n, Ìṣẹ́yìn sì jẹ́ ìlú ahunṣọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún wọn ní ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ òfì mẹ́fà ni wọ́n gbé wá láti ìlú wọn. Kaṣimírì ni àwọn òfì náà ń gbọ́, pẹ̀lú ìwé ìyọ̀ǹda fún ìgbà díẹ̀. Ìwé náà ti fẹ́ parí.

Òfin ni pé ẹ̀rọ àgọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa gbọ́ Yorùbá àti èdè kan sí i. Iná kò tó kí ẹ̀rọ máa gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè tí Etí bá gbọ́ jù nínú ilé, òun ni wọ́n á mú. Àyàfi bí èkejì bá tó ìdajì èyí tó borí. Bó bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè pín àwọn ẹ̀rọ fún méjèèjì, kí ẹ̀rọ omi àti ilé ìwòsàn gbọ́ ọ̀kan, kí òfì gbọ́ èkejì. Iṣẹ́ ẹni tó ń wọn èdè ni pé kó gbé Etí sí pálọ̀ ilé kan fún ọjọ́ méje ní apá kọ̀ọ̀kan, kó jókòó tì í, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé iye ọ̀rọ̀ ni Etí ń kà. Wọ́n ní bí àwọn ènìyàn bá mọ̀, wọn á máa sọ ìsọkúsọ láti fi pọ̀ sí i.

Ilé Fólì ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Ènìyàn mọ́kànlá ló ń gbé ibẹ̀. Kò sí ìgbà tí ẹnu wọn dákẹ́. Wọ́n jiyàn lórí iyọ̀ ọbẹ̀, lórí ẹni tó gbé ìgbálẹ̀, lórí bóyá ajá lè lálàá. Inú wọn dùn pé mo gbọ́ wọn, nítorí náà wọ́n tún sọ̀rọ̀ sí i. Mo bá wọn sọ. Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ẹsiperántò jẹ́ fún mi. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ni mo jẹ́ ní Ilé Òṣùwọ̀n ní Ìbàdàn kí wọ́n tó sọ mí di ẹni tó ń wọn èdè. Mo ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó mọ ìwé kà, ara ẹ̀rọ tí mo ń nu eruku rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kan ẹ̀rọ náà gbé èdè kan síwájú mi tí òfin rẹ̀ kò ju mẹ́rìndínlógún lọ. Orúkọ nǹkan gbogbo parí sí ohùn kan náà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é. Ohun tó ti kọjá ní ìparí kan ṣoṣo, ìyàtọ̀ kò sí. Dókítà ojú kan ní ilẹ̀ Póláǹdì ló jókòó ṣe é ní ayé àtijọ́, kí àwọn tó ń kórìíra ara wọn lè rí ibi kan pàdé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi mọ̀ ọ́n. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ dé òpin láyé mi, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé òun ló kọ́ mi.

Mo gbìyànjú Kaṣimírì náà, oṣù mẹ́ta kí n tó wá. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, àmì wà lókè, àmì wà nísàlẹ̀, àwọn tó ni ín gan-an sì máa ń fò wọ́n. Ohùn kan wà láàárín ọ̀fun tí ẹnu mi kò lè mú jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ní tirẹ̀, èyí tí a kò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀ tún ní tirẹ̀. Bí a ṣe ń yà ìwọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yin ni àwọn náà ń ṣe. Ó yẹ kí ìyẹn mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kùnà, mo sì bínú sí èdè náà bí ènìyàn ṣe ń bínú sí ilẹ̀kùn tó fi orí gbá.

Obìnrin kan wà nílé Fólì tó ń jẹ́ Linh. Òun ló ń gbé oúnjẹ mi wá. Fólì sọ fún mi ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí Linh ti jáde, pé ní ọdún tó kọjá obìnrin náà ń rọbí níwájú ilé ìwòsàn àgọ́. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ń bèèrè ohun tó ń ṣe é ní Yorùbá. Fólì ti lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ ra páìpù. Àwọn tó wà níbẹ̀ tó ogójì, wọ́n ń fi Ẹsiperántò pariwo sí ilẹ̀kùn náà, ilẹ̀kùn náà sì ń tún ìbéèrè rẹ̀ bi wọ́n. Ìta níbẹ̀ ni ọmọ náà ti kú.

Fólì kò fi nǹkan kan kún un. Ó mú ìkọ́ páìpù rẹ̀, ó jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn.

Ní ọjọ́ keje, ikùn Etí fi iye rẹ̀ hàn mí. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ọ̀rọ̀.

Ilé tí mo wọ̀ ní apá òkè ni ti Samad Wani. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Zúnà ló ń ṣe àkóso ilé àti ilé ìhunṣọ tó wà lẹ́yìn. Wọ́n tẹ́ ìrọ̀rí tó dára jù fún mi. Wọ́n bu tíì aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n fi iyọ̀ sí fún mi láti inú ìkòkò bàbà, wọn kì í sì jẹ́ kí ife mi gbẹ. Ọkùnrin àgbà náà máa ń jókòó sí ọ̀kánkán mi, á kọjú sí ibi tó gbọ́ mímí mi, á rẹ́rìn-ín. Yorùbá rẹ̀ kò ju ogún ọ̀rọ̀ lọ. Ó ń lò wọ́n tán lójoojúmọ́: ẹ káàárọ̀, ẹ jókòó, ẹ mu, ẹ kú òjò.

Zúnà á bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, Yorùbá ni. Aládùúgbò á wọlé, á bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan ní èdè wọn, á rí mi, á sì yí i sí Yorùbá. Nígbà mìíràn wọ́n á jókòó pẹ́ láìsọ nǹkan kan, bí ẹni tó wà ní yàrá aláìsàn. Ní òpin ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ tí Etí kà kò tíì tó ẹgbẹ̀rún méjì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé èdè yìí ti ń kú nínú ilé. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú.

Ní ọjọ́ kẹrin ni Tíṣà Fírìdọ́ọ̀sì wá. Òun ni agbẹnusọ wọn. Ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀, ó sì dúró sọ̀rọ̀. Yorùbá rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ó ní Kaṣimírì jẹ́ odò tó ń ṣàn láti ẹgbẹ̀rin ọdún, ó jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ayé, àwọn ẹni mímọ́ ti fi í sunkún. Ó ní Ẹsiperántò jẹ́ òdòdó rọ́bà, ẹnì kan ló jókòó sí ìdí tábìlì ṣe é, kò ní ìyá àgbà.

Mo rántí Linh. Mo tún rántí ara mi, nítorí ìwé tí mo mọ̀ kà náà kò ní ìyá àgbà. Mo bi í ní ohun kan ṣoṣo: ọ̀rọ̀ mélòó ló bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ní odò náà láàárọ̀ òní?

Ó yọ aṣọ ìnujú. Ó nu iwájú orí rẹ̀. Ìṣẹ́yìn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé, mo sì ti gbọ́ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Inú mi dùn pé mo mú un. Zúnà wo ilẹ̀. Bàbá àgbà náà, tí kò gbọ́ ohun tí a sọ ṣùgbọ́n tó gbọ́ bí a ṣe sọ ọ́, ní kí n mu tíì sí i.

Ní ọjọ́ kẹfà, òjò ṣú lójijì. Mo ti sá ìró mi sórí okùn lẹ́yìn ilé, mo sì sáré lọ ká a. Etí wà ní pálọ̀ níbi tó yẹ kó wà. Bí mo ṣe di ìró náà mú ni mo gbọ́ wọn.

Láti inú ilé ìhunṣọ ni ohùn náà ti ń jáde. Ohùn Samad ni, ṣùgbọ́n kò dà bí ohùn ẹni tó ń sọ fún mi pé ẹ kú òjò. Ó ga, ó le, kò dúró mí. Ó ń pe àrà aṣọ. Ó máa ń pe iye òwú àti àwọ̀ rẹ̀, àwọn ahunṣọ mẹ́fà á gbà á lẹ́nu rẹ̀ pọ̀, àwọn òfì á fi ìka irin wọn mú òwú náà, wọn á dún gbì, ó sì ti wà lórí ìlà tó kàn. Tre wozul, mo gbọ́ ìyẹn, pupa mẹ́ta. Láàárín ìpè, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ń ráhùn nípa ẹsẹ̀ rẹ̀, Zúnà ń pàṣẹ, ọmọ Zúnà ń ṣàròyé, gbogbo rẹ̀ ní Kaṣimírì. Mo dúró tí ògiri yẹn títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, tí ó sì pa mí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ níbẹ̀ láàárín wákàtí kan ju èyí tí Etí mi gbọ́ ní ọjọ́ mẹ́fà lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Mo ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òfì gbé ìka wọn sókè, wọ́n ń dúró de ìpè.

"Ẹ káàbọ̀, mà," Zúnà ní. "Òjò ti pa yín. Ẹ jẹ́ kí n wá aṣọ gbígbẹ fún yín."

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kì í sọ̀rọ̀ báyìí nínú ilé.

Ó wò mí bí ẹni tó rò pé mo ń dán òun wò. "Àlejò wa lẹ jẹ́, mà. Ṣé a ó máa fi èdè tí ẹ ò gbọ́ sọ̀rọ̀ kọjá lórí yín ni? Bàbá ní bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó dà bíi pé a ń jẹun lójú yín tí a ò bu fún yín."

Ó yé mi kíákíá. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi náà nìyẹn. Ní ilé wa ní Òtu, bí àlejò kan bá wọlé tí kò gbọ́ ohun tí à ń sọ, a óò yí i padà tàbí ká panu mọ́. Gbogbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo ti kọ sílẹ̀ bí ikú, ọ̀wọ̀ tèmi ni. Ilé Fólì sọ̀rọ̀ nítorí pé mo gbọ́ wọn. Ilé yìí dákẹ́ nítorí pé mi ò gbọ́ wọn. Bí mo ti jókòó síbẹ̀ ni mo ń dín wọn kù.

Ìwé kan wà fún irú ọ̀ràn báyìí. Ìwé Ẹ̀rí Ojú ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń wọn èdè lè fi sọ ohun tó rí tí Etí kò gbọ́, Ilé Òṣùwọ̀n á sì fi Etí mìíràn ránṣẹ́ sí ibi tó bá dárúkọ, láìsí ẹnikẹ́ni tó jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n tó tẹ èdìdì. Ká ní mo kọ ọ́ ni, ó dá mi lójú pé wọn ì bá pín àwọn ẹ̀rọ náà. Ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ì bá gbọ́ Linh, òfì ì bá sì máa gbọ́ Samad. Kò sí ẹni tí ì bá pàdánù nǹkan kan.

Ojú ewé mẹ́ta ni Ìwé Ẹ̀rí Ojú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wọn kì í gbà á láti ẹnu. Mo ti kọ ọ̀kan rí, ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, nípa abúlé kan ní Ṣakí. Akọ̀wé kan kà á sókè nínú ọ́fíìsì níbi tí mo ti ń gbọ́. Ó ń ka àṣìṣe kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe kọ ọ́, ó ń dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán kó tó lọ sí èyí tó kàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ṣé obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ló kọ èyí, wọ́n ní. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Mo jókòó sí tábìlì mi ní Ìbàdàn pẹ̀lú ìwé náà. Mo kọ pé: mo gbọ́ wọn lẹ́yìn ilé. Mo wò ó. Ó dà bí ọwọ́ ọmọdé. Mo sọ fún ara mi pé òfin ló ní pálọ̀, kì í ṣe èmi. Mo sọ fún ara mi pé Fírìdọ́ọ̀sì àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fà á. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ kan ti kú níwájú ilẹ̀kùn, kí ni aṣọ jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn? Mo ti sọ tẹ́lẹ̀ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀ràn. Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n, nígbà tó bá jẹ́ tèmi. Mo ti ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, mo sì fọwọ́ sí èyí tó kù.

Bí mo ṣe tẹ èdìdì ní Ìbàdàn ni etí gbogbo ẹ̀rọ Àgọ́ Yìnyín yí padà. Fólì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti ẹnu ẹ̀rọ omi. Mo ń gbọ́ omi tó ń dà, mo ń gbọ́ bí Linh ṣe ń ka garawa rẹ̀ fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì tí kò sídìí. Inú mi dùn gan-an fún un. Mi ò kábàámọ̀ apá ìyẹn.

Oṣù méje kọjá kí n tó lè padà lọ síbẹ̀. Mo ti kọ ìwé ẹ̀rí náà nígbà yẹn, ojú ewé mẹ́ta, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe rẹ̀. Wọ́n dá a padà pé ìda ti gbẹ, kí n tún un mú wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nígbà tí wọ́n bá tún wọn àgọ́ náà.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Fólì ló kọ́kọ́ pàdé mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń gòkè lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà náà lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, òun sì ti kọ́ ọ ní iye àti àwọ̀ ní Ẹsiperántò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi mọ gbogbo rẹ̀. Tri ruĝaj, á sọ, òfì á sì mú òwú pupa mẹ́ta.

"Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ," Fólì ní. "Àrà náà ni kò jáde. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, ìwọ Ìyá Òṣùwọ̀n. Ká ní mo mọ̀ ni, à bá máa pè fún ẹ̀rọ omi ní Yorùbá títí ayé. Mo ní ohùn tí mo lè fi ṣe é."

Zúnà ṣàlàyé èyí tó kù fún mi nínú ilé ìhunṣọ. Òfì méjì ló ń ṣiṣẹ́, aṣọ ìnuwọ́ ni wọ́n ń hun. Bàbá rẹ̀ kò tíì kọ àwọn àrà náà sílẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá tirẹ̀. Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ bí orin tí a fi ń ka nǹkan ní kékeré ṣe wà lẹ́nu wa: bí a bá dá ọ dúró láàárín, o gbọ́dọ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn àwọn ahunṣọ àti gbì tí òfì ń dún ló ń fa ìlà tó kàn jáde. Zúnà jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó ní kó pè é ní Kaṣimírì kí òun máa kọ. Òfì kò dún, ó sì sọnù ní ìlà ogún. Wọ́n ní kó pè é ní Ẹsiperántò kí òfì lè dún, ó ń ronú iye, ó ń ronú àwọ̀, òfì kì í dúró ju èémí mẹ́ta lọ kó tó já òwú. Bó ṣe ń gbìyànjú láti yí àrà kan padà, òmíràn ń wọ inú rẹ̀. Àwọn àrà tó ti mọ̀ láti ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi.

Ó wà ní pálọ̀, lórí ìrọ̀rí, ó kọjú sí mímí mi. Ẹ kú ọyẹ́, ó ní. Ẹ jókòó. Ẹ mu.

Mo mu. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ́. Mo ní mo gbọ́ wọn lẹ́yìn ilé ní ọjọ́ kẹfà. Mo ní ìwé kan wà tí mo lè kọ nígbà náà tí òfì wọn ì bá fi máa gbọ́ wọn títí dòní, mi ò sì kọ ọ́.

Zúnà gbé ìkòkò bàbà náà sílẹ̀.

"Kí ló dé?" ó ní.

"Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló ń tì mí lójú," mo ní.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ rẹ̀. Mo rò pé yóò ní kí n jáde. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ ní Kaṣimírì, níwájú mi, láìwò mí, láìyí ọ̀rọ̀ kan sí Yorùbá. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Bàbá náà bi í ní nǹkan, ó dáhùn, bàbá náà tún bi í. Ọ̀rọ̀ wọn ń kọjá lórí mi bí ìgbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí ìrọ̀rí tí mo jókòó sí. Ife mi gbẹ níwájú mi, ó sì gbẹ síbẹ̀. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé èmi kì í ṣe àlejò níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n parí, Zúnà sọ fún mi ní Yorùbá, bí ẹni tó ń jíṣẹ́.

"Bàbá ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni àrà tí òun gbà lẹ́nu bàbá òun. Wọ́n ní mẹ́sàn-án ló kù. Wọ́n ní ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, lójú wọn. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mẹ́sàn-án.